Ọ̀rọ̀ Tí A Ti Bó Èèpo Rẹ̀

Ẹni tó lọ kò dé. Ẹni tí wọ́n rán lọ wo ẹni tó lọ, òun náà kò dé. Nígbà tí ìròyìn wọlé pé wọ́n rí bàtà ẹnì kejì létí odò, bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan, Màdáámù tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Ìgbín.

Ìgbín kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fún un, nítorí ó máa ń rọra rìn, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kíá, ó ti fà sínú ìkarahun. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ilé náà ni kó máa ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìlú. Ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹun? Bó bá gbé àwo rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun lọ́sàn-án, ẹ̀rín á dákẹ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lókè òkun, ó sì ti pẹ́ tí ìpè wọn ti di "ṣé àlàáfíà ni," "àlàáfíà ni," ó parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó," Màdáámù wí. Òun ni ọ̀gá, ṣùgbọ́n Ìgbín jù ú lọ lọ́jọ́ orí, kò sì gbàgbé ilé tó ti wá. "Ẹ ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́."

"Nọ́ọ̀sì ló kàn."

Nọ́ọ̀sì yìí, obìnrin kan ni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àwọn ológun ní òdìkejì odò. Ohun tí àwọn ọ̀gágun bá sọ lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, ó máa ń gbọ́ ọ, ó sì máa ń fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ Màdáámù. Àmọ́ àwọn tó yí i ká ti ń fura. Ó gbọ́dọ̀ sọdá, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì fi àdéhùn sí. Àwọn méjì tí kò dé yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tirẹ̀ ló gbé wọn lọ.

"Ẹnì kan nínú ilé yìí ló ń bá àwọn ará òdìkejì sọ̀rọ̀," Màdáámù ní. "Bí a bá gbé obìnrin yìí wá láìtíì mọ onítọ̀hún, a kàn fi òun àti ọmọ rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ ni. Bí a ò bá sì gbé e wá, wọ́n á pa á síbẹ̀."

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́," Ìgbín wí.

"Ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ bá mi yọ ọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé."

Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn.

*

Yàtọ̀ sí Màdáámù àti Ìgbín, àwọn mẹ́ta ló mọ ìrìn àwọn tó lọ: Dẹ́rẹ́bà Àgbà tó fún wọn ní mọ́tò, Ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ohun tí Nọ́ọ̀sì bá fi ránṣẹ́, àti Akọ̀wé Màdáámù.

Abẹ́ mọ́tò ni Ìgbín bá Dẹ́rẹ́bà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ wá mú mi ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dè é tán o. Bí ẹ bá mú mi báyìí, bíréèkì yìí á pa ẹlòmíì."

"Ta ló sọ fún ọ pé èmi ni?"

"Ẹni tó bá wá gba mọ́tò, ariwo rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wọlé bí èéfín."

"Ibo ni ẹnì kejì ní òun ń lọ?"

"Mi ò bèèrè." Dẹ́rẹ́bà yọ orí jáde, ọ̀rá dúdú ti kun etí rẹ̀ kan. "Ọ̀gá, nínú ilé yìí, ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ gan-an, ẹ máa ṣọ́ ọ. Èmi á wá bèèrè ọ̀nà odò?"

Ìgbín fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa. Ó ní kí n kí yín." Ó ronú díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ ni o jàre. Kò mọ̀ yín. Ta ló mọ̀ yín?"

Ó fi ṣàwàdà ni. Ó ti padà sábẹ́ mọ́tò kó tó di pé ọ̀rọ̀ náà balẹ̀.

Ògbufọ̀ ní tirẹ̀ kò ṣàwàdà. Obìnrin tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì ni, yàrá rẹ̀ kò sì ní fèrèsé. Tábìlì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí, àti ife tíì tó ti tutù ló wà níbẹ̀.

"Ẹ ní dókítà eyín lẹ máa ń lọ rí lọ́sàn-án," Ìgbín bẹ̀rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ti wo eyín yín. Ó dáa ju ti dókítà fúnra rẹ̀ lọ."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ife. "Ẹ ti tẹ̀ lé mi."

"Mo tẹ̀ lé yín. Ibùdókọ̀ ojú irin lẹ lọ. Ẹ ò wọkọ̀, ẹ ò pàdé ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nígbà tó yá ẹ dìde. Ta lẹ ń dúró dè?"

"Kò sẹ́ni."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èsì yẹn ò lè tẹ́ mi lọ́rùn."

"Kó má tẹ́ yín lọ́rùn." Ó gbójú sókè. "Láti àárọ̀ títí dalẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń sọ fún ẹlòmíì ni mo ń gbọ́. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Bí mo bá délé, ògiri ni mo bá níbẹ̀. Mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ kí ẹnì kan lè wí fún mi pé, ‘Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀.’ Bí wọ́n bá ti wí i, màá sún, màá sì padà síbi iṣẹ́. Ó tán. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìgbín kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dìde, ó sì bá a pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé aláìsàn ló wà nínú ilé.

Akọ̀wé, omijé ló fi dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Omijé kì í ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwíjàre. Ìgbín fi aṣọ ìnujú tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó jáde.

*

Ní Sátidé, ó ṣe ohun tó máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó dẹ pańpẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ihò tí eku ń gbà, kì í sáré ká ilé. Ìyẹ̀fun ló ń dà sílẹ̀, á lọ sùn, tílẹ̀ bá mọ́ á wo ojú ẹsẹ̀. Èbúté àtijọ́ lẹ́bàá àpáta ni Ìgbín ti fi sọ́kàn pé Nọ́ọ̀sì yóò gúnlẹ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ló sọ ọ́ fún Màdáámù, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu òun níwájú àwọn mẹ́ta yòókù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Dẹ́rẹ́bà gbọ́ pé orí afárá ni. Ògbufọ̀ gbọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni. Akọ̀wé gbọ́ pé ẹ̀yìn ilé sinimá àtijọ́ ni. Àwọn ará òdìkejì a máa sọdá bí apẹja, bí ọlọ́jà; ẹni tí wọ́n bá fẹ́ mú, etí omi ni wọ́n ti ń gbé e padà. Ibi tí wọ́n bá ti yọjú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ ni eku gbà.

Wọn kò yọjú sí ọ̀kankan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọlọ́kọ̀ ojú omi, tó ń bá ilé náà ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Ọ̀gá, àwọn kan wà léèbúté mi tí wọ́n ń pẹja."

"Èwo ló burú níbẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹja ò sí níbẹ̀. Omi ibẹ̀ ń pariwo jù. Ọmọdé tó dàgbà létí odò yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ju ìwọ̀ sómi, ojú ọ̀nà ni wọ́n kọjú sí."

"Ìgbà wo ni wọ́n ti wà níbẹ̀?"

"Láti ọjọ́ Àìkú."

*

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan la mọ èbúté," Màdáámù wí nígbà tó gbọ́. Kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ó ku èmi àti ẹ̀yin."

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn láti ìhà méjèèjì tábìlì.

"Ọjọ́ wo ni mo sọ ọ́ fún yín?" Ìgbín bèèrè.

"Àná. Ọjọ́ Ajé."

"Ọlọ́kọ̀ ní ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti dé."

Ìgbín rí i bí ìṣirò náà ṣe ń dé ojú Màdáámù díẹ̀díẹ̀.

"A jẹ́ pé kì í ṣe èmi," ó wí.

"Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ta wá ni?"

"Ẹ fún mi dọ̀la."

"Tí mo bá fún yín dọ̀la, tí ẹ sì sá lọ ńkọ́?"

"Ẹ ní kí Dẹ́rẹ́bà máa tẹ̀ lé mi. Kó má fara pamọ́, èmi náà á máa rí èèyàn lẹ́yìn mi."

Ó rìn délé, Dẹ́rẹ́bà ń wa mọ́tò bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń sìnkú. Nínú yàrá, ó fa àga kan síwájú àga tirẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe fún àwọn ẹlòmíì ló ṣe fún ara rẹ̀.

Ta lo bá sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú?

Kò sẹ́ni.

Irọ́. Sátidé ńkọ́?

Bàbá nìkan.

Bàbá ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì. Òfin kan sì wà nínú ilé wọn, ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì, ojú kò gbọdọ̀ tún kan ojú. Wọn kì í bẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í kí i lójú pópó. Lọ́jọ́ tó bá jáde, wọ́n á já àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ìgbín ti ń rú òfin yìí tipẹ́. Ní Sátidé-Sátidé, ó máa ń lọ ta dráàfù pẹ̀lú Bàbá. Ní gbogbo ayé, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń wí fún un pé, "O tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ṣé o ń jẹun?"

Kí lo sọ fún un?

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mi ò dárúkọ ibì kankan. Mo bó ọ̀rọ̀ náà bí ẹni bó ẹ̀pà. Èèpo nìkan ni mo kó dání lọ.

Tún un sọ, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ gẹ́lẹ́.

Mo ní, "Bàbá, bí èèyàn bá ń fa ọmọ lọ́wọ́, ṣé afárá ló dára kó gbà ni àbí omi?" Ó ní, "Omi. Lórí afárá, ọmọ á fẹ́ sáré. Nínú ọkọ̀, á jókòó." Mo ní, "Bó bá sunkún ńkọ́?" Ó ní, "Kí wọ́n gba ibi tí ariwo omi ti pọ̀ ju ẹkún lọ."

Ìgbín dìde lórí àga. Láti òkè odò dé ìsàlẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni omi ti ń pariwo: ẹ̀bá àpáta. Ó ti ń rò ó pé òun ló yan èbúté. Kò mọ̀ pé Bàbá ló fi ọwọ́ òun yàn án. Àwọn méjì tó kú yẹn ńkọ́? Nípa tiwọn náà, ó ti lọ gba ìmọ̀ràn, ó ti bó èèpo ọ̀rọ̀ wọn níwájú ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bó o. Ẹni tó bá ti ń bó ẹ̀pà fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bó bá rí èèpo nílẹ̀, ó mọ bí ọmọ inú rẹ̀ ṣe rí.

Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ojú lọ bá a?

*

"Ọjọ́rú nìyí," Bàbá wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ta ló kú?"

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Mo ní kí n yà ni."

"Ìgbín kì í yà. Wọlé. Ta ni wọ́n ní kó máa tẹ̀ lé ọ? Mọ́tò yẹn ti dúró jù."

Pátákó dráàfù wà lórí tábìlì, ọmọ orí rẹ̀ wà káàkiri, dúdú ti fẹ́ jẹ funfun tán. Kì í ṣe bí Ìgbín ṣe fi í sílẹ̀ ní Sátidé nìyẹn. Ó jókòó, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ọ̀rọ̀ ọmọ ọjọ́sí yẹn, Bàbá. Omi ń bà á lẹ́rù. Mo rò pé orí afárá ló máa gbà."

Ọwọ́ Bàbá wà lókè, ó fẹ́ tún àwọn ọmọ dráàfù tò. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí itan.

"Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, ìbéèrè lo máa ń bi mí. Òní lo kọ́kọ́ wá sọ ìdáhùn fún mi." Ó mi orí. "Èmi ni mo kọ́ ọ nírọ́ pípa, ọmọ mi. O ò lè fi ọ̀kọ̀ tí mo rọ gún mi."

Ìgbín nawọ́ sí pátákó náà. "Ta ló ń bá yín ta á?"

"Ọkùnrin kan ni. Ó wá tún rédíò ṣe. Ó padà wá wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó tún padà wá. Kò mọ dráàfù ta, àmọ́ ó máa ń jókòó."

"Ẹ mọ ẹni tó jẹ́?"

"Nígbà tí kò gbowó rédíò ni mo ti mọ̀. Mo ní tó bá dọ̀la, màá lé e. Ọ̀la ò dé." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Wọ́n já àwòrán mi lára ògiri kí n tó dé ẹnu géètì. Ìwọ nìkan lò ń wá. Sátidé. O ti bi ara rẹ rí bóyá ọjọ́ Àìkú máa ń dé ilé mi?"

"Èèyàn méjì ti kú, Bàbá."

"Wọ́n ní àwọn kàn máa dá wọn dúró ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ gba ìyẹn gbọ́?"

"Mi ò gbà á gbọ́. Ó wù mí kí n gbà á gbọ́ ni."

Ìgbín fẹ́ bínú, ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀ títí, kò rí i. Ó wí pé: "Obìnrin yẹn ti kúrò nílé rẹ̀. Èbúté ló ń bọ̀, òun àti ọmọ, kò sí bí a ṣe fẹ́ ránṣẹ́ sí i mọ́. Àyàfi tí àwọn apẹja yẹn bá kúrò níbẹ̀."

"Kí wọ́n lọ sí afárá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, dúdú síhìn-ín, funfun sọ́hùn-ún. Ó tò ó tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin rédíò yẹn ń bọ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá sọ afárá fún un, ṣé wàá wá ní Sátidé?"

Irọ́ tí Ìgbín ti pa nítorí iṣẹ́ kò lóǹkà, kò sì sí èyí tó wúwo lẹ́nu rẹ̀ tó èyí.

"Màá wá, Bàbá."

Bàbá mi orí bí olùkọ́ tó ń máàkì iṣẹ́. "Èyí dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ya, ta. Ìwọ lo ni iwájú."

*

Ní Ọjọ́bọ̀, orí afárá ni wọ́n ti mú àwọn apẹja tí kò mọ ẹja mú. Ní èbúté, Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá. Ó ń bi ọlọ́kọ̀ léèrè ẹni tó yẹ kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ní òun ò mọ̀. Ìgbín dúró lábẹ́ igi lókè, ó rí wọn títí wọ́n fi wọ mọ́tò, lẹ́yìn náà ó lọ bá Màdáámù.

"Ẹni méjì ni," ó wí. "Ọ̀kan ń tà wá, Bàbá ni. Ọ̀kan ń gbé ọjà lọ bá a nílé ní gbogbo Sátidé." Ó bọ́ káàdì iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

Màdáámù wo káàdì náà, kò mú un, kò sì dá a padà. "A ó sọ ti èyí lẹ́yìn. Ta ni kí n rán lọ mú Bàbá?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ fúnra mi."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. "Sátidé lo pè é," ó wí.

"Mi ò lè dúró dọ̀la, Bàbá."

Ìgbín dì í lápá mú, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Dẹ́rẹ́bà ṣílẹ̀kùn mọ́tò, kò ṣàwàdà. Àyè wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni Ìgbín jókòó sí, èjìká kan èjìká. Wọ́n kọjá lára ilé, wọ́n kọjá lára àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé, Bàbá yíjú sí i.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi í. "Ta ni wàá máa bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

Ìgbín kọjú sí fèrèsé. Láti ọjọ́ tó ti mọ Bàbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò ní ìwọ̀ nínú.